Bàálù Tó Jókòó Lórí Ìrù Rẹ̀

Àbúrò ọkọ mi kò wọ bàálù rí títí ó fi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Mo fẹ́ kí èyí wà ní kíkọ kí n tó kú, nítorí pé ní Savalou, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sọ fún yín pé ó bá afunfèrè ará Amẹ́ríkà kan rìn lójú òfúrufú, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tí òkìkí orin jáàsì rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn yóò tún fi kún un pé afunfèrè náà sùn lé e léjìká.

Ọkọ mi ló rí afunfèrè náà. Kò bá a rìn lọ síbì kankan. Ó bá a di àkàbà mú ni.

Kútọnu ni a ń gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, nítòsí pápá bàálù tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí bàálù bá balẹ̀, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan á ti àkàbà dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á dì í mú kí àwọn èrò má baà ré lulẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàálù afunfèrè náà yà síbẹ̀ kí wọ́n lè rọ epo sí i. Kò fun fèrè fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó mu nǹkan tútù, ó padà wọlé, ó di ìlú mìíràn. Gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè wa rí nínú orin jáàsì lọ́jọ́ náà kò ju kí epo kún inú táǹkì lọ. Ṣùgbọ́n onífọ́tò kan wà níbẹ̀, ó ya àwòrán, ó sì fún ọkọ mi ní ẹyọ kan.

Nínú fọ́tò náà, afunfèrè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àpótí fèrè idẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí a kò rí. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó dé fìlà iṣẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú bí ẹni di ìwo màlúù. Òjìji fìlà bo ojú rẹ̀ dé imú. Ẹnu àti àgbọ̀n nìkan ló hàn. Àgbọ̀n ọkọ mi ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àgbọ̀n kan náà ni gbogbo ọmọkùnrin ilé wọn ní.

Àwa ìyàwó tí à ń gbé lẹ́yìn pápá náà mọ àwọn bàálù bí a ṣe mọ ìwúkọ́ ọkọ wa. Ẹnì kan lè máa fọ aṣọ, kó má gbé orí sókè, kó ní, "DC-4 ni, ẹ gbé ìkòkò ka iná, wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó dé." Ọkọ mi ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ wọn. DC-4 ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń yí níwájú apá rẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ imú rẹ̀, ó sì máa ń dúró gbọọrọ bí ọlọ́pàá. DC-3 ní abẹ̀bẹ̀ méjì péré, kò sì sí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ imú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá méjì wà níwájú, kékeré kan wà lábẹ́ ìrù. Nítorí náà, bó bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ á nà sókè, ìdí rẹ̀ á jókòó, bí ajá tó ń retí egungun. Lọ́wọ́ ìdí yẹn ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, kò sì ga. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ máa gun òkè nínú bàálù kó tó dé ìjókòó rẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi àwọn obìnrin òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onígìgísẹ̀ gun òkè náà, tí wọ́n ń dì mọ́ ẹ̀yìn àga. "Bí ẹni ń gun òkè Savalou lọ́jọ́ òjò ni," ó máa ń wí. Bàálù tí kò ní abẹ̀bẹ̀ rárá kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mẹ́nu ba àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo wọ ilé wọn ní Bantè gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọ ilé ìwé ni, ikun ń yọ́ nímú rẹ̀. Èmi ti jáde lọ́dọ̀ àwọn màsẹ̀ẹ̀rì, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ wa níwèé, mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo ti ń kọ́ ọmọ tó dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ. Ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Kì í pè é lórúkọ. Mo fún un ní orúkọ àpèlé bí àṣà ti wí, mo pè é ní Akọ̀wé, nítorí yíǹkì tó máa ń wà létè rẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. Mo ń pè é ní "ẹ", òun ń pè mí ní "o". Ọjọ́ orí kò yí èyí padà. Ìwé kò yí i padà. Arábìnrin ọkọ mi kan sọ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, "Ìwé tí o kà, fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa dúró dè ọ́." Ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ pé jọ, wọ́n pín ohun tó ní. Ẹnì kan mú kẹ̀kẹ́, ẹnì kan mú rédíò, ẹnì kan mú aṣọ. Mo bẹ baálé pé kí wọ́n fi fọ́tò nìkan sílẹ̀ fún mi.

Baálé wò mí tàánútàánú. "Ìyàwó wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Òun gan-an ni wọ́n ń jogún."

Wọ́n sì bi Akọ̀wé bóyá yóò ṣú mi lópó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rò ó wò, ó ní òun yóò mú fọ́tò.

Ó gbé e lọ sí Savalou, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọba. Ó ra férémù aláwọ̀ wúrà kan lọ́wọ́ oníṣòwò Nàìjíríà. Férémù kéré ju fọ́tò lọ. Ẹni tó bá ní làákàyè á wá férémù mìíràn, ṣùgbọ́n Akọ̀wé mú àlùmọ́gàjí, ó gé fọ́tò. Ó gé apá bàálù dànù, ó gé abẹ̀bẹ̀, ó gé imú àti kẹ̀kẹ́. Ohun tó kù ni ilẹ̀kùn, fèrèsé mẹ́ta, àkàbà, afunfèrè, àti ọkọ mi. Ó gbé e kọ́ sókè àga rẹ̀ ní pálọ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, bí àlejò bá béèrè, ó máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Nígbà tó ṣe, ó di, "Àwa nìyẹn." Nígbà tí ìjọba àtijọ́ kógbá sílé, tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sílẹ̀, tí olúkúlùkù ń wá ohun tí yóò fi jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, ó di, "Èmi nìyẹn." Ìtàn náà sì ń yí padà bí èdè bá ti ń yí padà. Ní Ìcà, èdè tiwa ní Bantè, níbi tí àwọn tó mọ ìyá rẹ̀ wà, àkàbà nìkan ló dì mú. Ní èdè Mahi, fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Savalou, ó wọ inú bàálù, wọ́n sì jọ lọ sí Lomé. Ní èdè Faransé, afunfèrè náà fi fèrè lé e lọ́wọ́, ó sì fun ún.

Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo panu mọ́. Ṣùgbọ́n ìrántí ọdún kẹwàá ikú ọkọ mi ń bọ̀, a ó sì ṣe Mísà fún un ní Bantè. Àṣà wa ni pé a ó tẹ́ tábìlì, a ó gbé àwòrán olóògbé lé e. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n yà nílé ìwòsàn fún káàdì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn wọnú. Àwọn ọmọ ọmọ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn tí bàbá àgbà wọn fi rí. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo pinnu pé ọkùnrin tó di àkàbà mú ni yóò wà lórí tábìlì náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Mo lọ sí Savalou, mo kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n yín lọ fún Mísà."

"Fọ́tò wo?"

"Èyí tó wà lókè orí yín."

Kò tilẹ̀ yíjú wò ó. "Ìyàwó wa, ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì. Èmi nìyẹn."

"Ọmọ ilé ìwé ni yín nígbà náà, Bantè lẹ wà."

"Mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín. O ti gbàgbé. Ọjọ́ ogbó ni."

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ baálé. Wọ́n gbé fọ́tò wá síwájú ìdílé, wọ́n wo àgbọ̀n, wọ́n wo àgbọ̀n Akọ̀wé, wọ́n wo àgbọ̀n ara wọn. Baálé ní bí ọmọ ilé ọkọ bá ti sọ̀rọ̀, ìyàwó kò gbọdọ̀ já a nírọ́. Akọ̀wé ní kí n fi fọ́tò ilé ìwòsàn sórí tábìlì, òkú ni òkú ń jẹ́.

Láàárín àsìkò yìí ni òyìnbó kan dé. Ará Faransé ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti fẹ̀yìntì, tí kò ní wàhálà kankan láyé. Iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ ni pé kó mọ gbogbo bàálù tí afunfèrè wa yìí wọ̀ nígbà èwe ìrìn àjò òfúrufú: irú èyí tó jẹ́, iye abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìlú tó ti gbéra àti ìlú tó balẹ̀ sí. Ó fi owó ara rẹ̀ ń rìn káàkiri ayé nítorí èyí. Ẹnì kan ní Kútọnu ló sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Savalou tó ní fọ́tò. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ó fẹ́ràn orin afunfèrè náà púpọ̀. Ó ní rárá, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù fún òun.

Akọ̀wé ní kí ọlọ́kọ̀ alùpùpù kan wá gbé mi ní Bantè. Iṣẹ́ tó rán sí mi kò gùn: "Àlejò ń bọ̀, ìyàwó mi wà ní Kútọnu, kí ìyàwó wa wá gún iyán." Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mo jókòó lẹ́yìn alùpùpù, eruku pupa bò mí dé ìpéǹpéjú, mo lọ gún iyán fún ẹni tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ikú.

Nígbà tí mo gbé àwo wọlé, òyìnbó ti sọ fọ́tò kalẹ̀ lára ògiri, ó ń fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó. Akọ̀wé jókòó ní agbádá. Ọkùnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wà níbẹ̀, nítorí pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò yan ààrẹ, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí òyìnbó tó wá kí òun.

"Mùsíọ̀, abẹ̀bẹ̀ mélòó ni bàálù náà ní?" òyìnbó béèrè.

"Wọ́n pọ̀," ni Akọ̀wé wí.

"Ṣé méjì ni, àbí mẹ́rin?"

Akọ̀wé wo àwọn ará ẹgbẹ́. "Mẹ́rin. Mẹ́rin, ó kéré tán."

Òyìnbó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni tó gé fọ́tò yìí, ọ̀daràn ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ já ọmọ ilé ọkọ nírọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó ni láti máa ki ọmọ ilé ọkọ, kò sì sí òfin kankan, yálà ní Bantè tàbí ní Savalou, tó sọ ibi tí oríkì gbọ́dọ̀ mọ. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbé ohùn sókè:

"Akọ̀wé ọkọ mi, a-gun-àkàbà-bí-ẹni-gun-òkè!
Wọ́n gbé bàálù kékeré wá, ó ní tọmọdé nìyẹn.
Wọ́n gbé alábẹ̀bẹ̀ méjì wá, ó ní kí wọ́n fi kó adìẹ.
Èyí tí kò ní abẹ̀bẹ̀ kankan, tó ń sán bí ààrá,
Òun lọkọ mi bá afunfèrè wọ̀!"

Inú Akọ̀wé dùn tó bẹ́ẹ̀ tí agbádá rẹ̀ fi gbòòrò sí i. "Hẹn-ẹn! Ẹ gbọ́ ìyàwó wa. Tẹ̀síwájú."

Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ ní, "Akọ̀wé, kò ní abẹ̀bẹ̀ lóòótọ́?"

"Abẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ṣé oúnjẹ ni wọ́n ń fẹ́ ni?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe mẹ́rin fún òyìnbó."

"Mẹ́rin ni èyí tó gbé ẹrù wa."

Wọ́n mi orí, wọ́n gbà. Òyìnbó bi mí ohun tí mo ń kọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ, n kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní bí kò bá ní abẹ̀bẹ̀, irú bàálù tuntun ni, àwárí ńlá sì ni. Ó tún mú gíláàsì, ó tẹjú mọ́ fọ́tò, iwájú orí rẹ̀ wú.

"Ọ̀gá," mo wí fún un ní Faransé tí àwọn màsẹ̀ẹ̀rì fi pàṣán kọ́ mi, "ẹ wo fèrèsé."

"Fèrèsé mẹ́ta ni mo rí."

"Ẹ fi etí férémù wọ̀n wọ́n. Ṣé wọ́n wà lórí ìlà kan pẹ̀lú ilẹ̀?"

Ó wọ̀n wọ́n. Fèrèsé kejì ga ju èkínní lọ, ẹ̀kẹta ga ju èkejì lọ. Wọ́n ń gòkè lọ bí ẹni gun àtẹ̀gùn.

"Bóyá onífọ́tò ló yí kámẹ́rà," mo wí, bí aláìmọ̀kan.

"Rárá, madáàmù. Àkàbà dúró ṣánṣán. Ọkùnrin yìí dúró ṣánṣán. Bàálù ló dagun." Ó ka àtẹ̀gùn ara àkàbà, wọn kò tó nǹkan. Ó fò sókè, ó pariwo bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ tó sọ nù lọ́jà. "DC-3! Ó jókòó lórí ìrù rẹ̀! Abẹ̀bẹ̀ méjì!" Ó wá yí sí Akọ̀wé, ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba. "Mùsíọ̀, ẹ má bínú. Bàálù inú fọ́tò yìí kọ́ ni èyí tí ẹ wọ̀."

Ará ẹgbẹ́ tó gbọ́ Faransé túmọ̀ rẹ̀ fún èkejì. Akọ̀wé wò mí. Kì í ṣe òmùgọ̀, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ èyí fún un. Ó mọ ibi tí mo gbé e dé. Mo ń wo ilẹ̀, bí ìyàwó rere ṣe ń ṣe.

"Ọkọ mi," mo sọ fún un jẹ́jẹ́, "wọ́n fẹ́ fi yín sínú bàálù kékeré, èyí tí ẹ ní kí wọ́n fi kó adìẹ."

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè di fọ́tò mú, kó jẹ́ ẹni tó di àkàbà bàálù kékeré. Ó sì lè di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú, kó wà nínú èyí tó ń sán bí ààrá. Ẹni tó ń wá ipò ààrẹ kì í sọ̀kalẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo jọ ẹni tí wọ́n lè ní kó wá di àkàbà mú? Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kàn gbé e kọ́ láti fi rántí rẹ̀ ni. Tèmi kò ní fọ́tò. Bàálù tèmi yára jù fún onífọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ni àwọn ará ẹgbẹ́ wí.

"Ṣé kí n máa gbé e lọ, ọkọ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi yín pe olùdi-àkàbà?"

"Gbé e lọ, gbé e lọ." Ó na ọwọ́. "Fi férémù sílẹ̀."

Mo yọ ọkọ mi kúrò nínú férémù, mo fi gèlè mi wé e. Òyìnbó bi mí ní orúkọ rẹ̀, ó ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó jẹ iyán, ó yin ín, ó sì lọ wá bàálù mìíràn.

Wọ́n yan Akọ̀wé ní ààrẹ.

Lọ́jọ́ Mísà, ọkọ mi wà lórí tábìlì láàárín òdòdó, ó dé fìlà, ó lágbára, a sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó kéré jù fi ìka kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà rèé?" Mo ní òun ni. Kò bẹ̀rù.

Nígbà tí a jẹun tán, Akọ̀wé dìde láàárín àwọn èrò tó bá a wá láti Savalou. Ó nawọ́ sí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Àkàbà ló dì mú, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa. Èmi ní tèmi..." Ó dúró, ó fi ojú wá mi. "Ìyàwó wa dà? Ìyàwó wa, bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Baálé náà ní, "Ìyàwó wa, ó yá, ki ọkọ rẹ."

Mo wo ọkọ mi lórí tábìlì. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀, mo kì í délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi bàálù tó ń sán bí ààrá, mo fi kún un pé Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló wà á. Kò sẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.